Ogún Ọmọdé Tí Ó Ṣeré Kọjá Ogún Ọdún

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Òwe náà kò purọ́, nítorí pé ojoojúmọ́ ni ayé ń fi òtítọ́ rẹ̀ hàn. Iṣẹ́ á fa àwọn kan lọ sí ìlú mìíràn, ilé ọkọ á gba àwọn mìíràn, òkè òkun á mú nínú wọn, ikú náà kò sì ní ṣàì mú tirẹ̀. Síbẹ̀, ní Ìbàdàn, ní apá ìlú tí a tẹ̀ dó ní ayé òde-òní, ní Bódìjà, Agbówó, Dùgbẹ̀, Ring Road àti Challenge, àwọn arúgbó kan wà tí wọ́n ń bá òwe yìí jà. Bí ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n dá bá pé, ẹni tí ó bá ń kọjá ní ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn á rí wọn tí wọ́n dì mọ́ ara wọn: ọ̀jọ̀gbọ́n ń pe bíṣọ́ọ̀bù ní ìnagijẹ, adájọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì ń na ọ̀pá ìtìlẹ̀ sí olóyè, ìyá àgbà méjì ń sunkún, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Ogún ọdún ti di ìtàn lọ́dọ̀ wọn. Àádọ́ta ọdún ni wọ́n wá ṣe.

Ẹni tí ó bá ń wo irú ayẹyẹ yìí láti òkèèrè lè rò pé owó, aṣọ àti ìlù ni ó gbé e ró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣètò àpéjọ àwọn ọmọ ilé-ìwé àtijọ́, ìbéèrè kan wà tí ó máa ń fara pamọ́ sábẹ́ àwọn ìbéèrè yòókù: kí ni kí a ṣe nípa ẹni tí kò ní? Kò sí sẹ́ẹ̀tì kan tí kò ní ọkùnrin tàbí obìnrin kan tí ó jẹ́ pé, bí wọ́n bá ti dá ọjọ́, á ní ọjọ́ náà gan-an ni òun yóò rìnrìn-àjò. Kò sí ìrìn-àjò kankan. Inú ilé rẹ̀ ni yóò jókòó sí, tí yóò máa wo àwòrán àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí fóònù ọmọ rẹ̀. Bí ètò bá ṣe mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a fi ń mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ ni ó pé jọ, tàbí àwọn tí ayé yẹ nínú ẹgbẹ́ ni wọ́n kàn lọ ṣe fàájì.

ÀWỌN TÍ ÀÁDỌ́TA ỌDÚN WỌN PÉ

Yunifásítì tí ó kọjú sí Agbówó ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ kàn. Ní 1948 ni ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, ní àdúgbò Ẹlẹ́yẹlé, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104 péré. Ní 1962 ni ó di yunifásítì tí ó dá dúró. Inú ọgbà ni wọ́n ń gbé ní ayé ìgbà náà, orúkọ họ́ọ̀lù sì di orúkọ ìdílé kejì fún wọn: Mellanby, Tedder, Kuti, Sultan Bello, Queen's, Nnamdi Azikiwe, àti Independence tí àwọn tí ó gbé ibẹ̀ sọ ní Katanga. Bí ẹni àádọ́rin ọdún méjì bá pàdé ní báńkì ní Dùgbẹ̀ lónìí, kí wọ́n tó béèrè ọmọ, họ́ọ̀lù ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè.

Sẹ́ẹ̀tì tí ó gba oyè ní 1976 jẹ́ àpẹẹrẹ kan, nítorí pé 2026 ni àádọ́ta ọdún wọn. Púpọ̀ nínú wọn wọlé ní 1973, ọdún tí náírà àti kọ́bọ̀ gba ipò pọ́n-ùn àti ṣílè, tí ìjọba sì dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní 1970 ni. Ó ti jẹ ọdún ìwé mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹlòmíràn ti ṣe olùkọ́ fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó rí owó àti àyè wọlé. Nítorí náà ni ọmọ ọdún méjìdínlógún àti ẹni ọgbọ̀n ọdún tí ó ti ní ìyàwó nílé ṣe jọ jókòó sí kíláàsì kan. Àwọn náà ni wọ́n jẹ oúnjẹ họ́ọ̀lù nígbà tí owó rẹ̀ kò tíì kúrò ní 50 kọ́bọ̀. Ọdún 1978 ni ìjọba sọ ọ́ di ₦1.50, tí rògbòdìyàn sì bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn yunifásítì, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kígbe pé kí Ali, kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́, máa lọ.

Ohun kan wà nínú oúnjẹ náà tí ó yẹ kí ìgbìmọ̀ rántí. Ọmọ olówó àti ọmọ tálákà ń tò lórí ìlà kan náà, abọ́ kan náà ni wọ́n ń gbé, ẹran kan náà ni wọ́n ń já. Lórí tábìlì yẹn, kò sí ẹni tí ó mọ ọmọ ta ni ó ní mọ́tò nílé. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n jáde ni ayé tó pín wọn. Ọ̀kan di ọ̀gá ilé-iṣẹ́ epo, èkejì ṣe olùkọ́ girama títí ó fi fẹ̀yìntì, ó sì ń retí owó ìfẹ̀yìntì tí kò tètè dé. Ìka kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni Elédàá ṣe é. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bá tún pé jọ, orí tábìlì àtijọ́ yẹn ni ó yẹ kí wọ́n padà sí.

Kì í ṣe yunifásítì nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní Mọ̀lété, tí kò jìnnà sí Challenge àti Ring Road, ni Ibadan Grammar School wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1913, tí Alexander Akínyẹlé sì jẹ́ ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni St. Anne's School wà, èyí tí ó jáde ní 1950 láti inú ìdàpọ̀ ilé-ìwé méjì ti àwọn ọmọbìnrin, ọ̀kan tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1869, èkejì tí a dá sílẹ̀ ní Kúdẹtì ní 1899. Àwọn sẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé wọ̀nyí náà ń ṣe ogójì ọdún, àádọ́ta ọdún àti ọgọ́ta ọdún wọn, ìbéèrè tí ó sì ń dojú kọ ti yunifásítì ni ó ń dojú kọ tiwọn.

ÌṢE ẸGBẸ́ TI PẸ́ NÍLẸ̀

Àwọn kan gbà pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni irú àpéjọ báyìí ti wá. Ilé-ìwé ni ó ti ọ̀dọ̀ òyìnbó wá. Ẹgbẹ́ ti wà nílẹ̀ kí ilé-ìwé tó dé. Àwọn tí ọjọ́-orí wọn sún mọ́ra á di ẹgbẹ́ láti kékeré, wọn á yan olórí, wọn á yan ìyá ẹgbẹ́, wọn á máa ṣe ìpàdé yípo ilé ara wọn. Bí ọ̀kan bá ń gbéyàwó, bí ó bá ń ṣí ilé, bí ó bá ń sin òbí rẹ̀, ẹgbẹ́ ni ó ń bò ó láṣìírí. Ọ̀mọ̀wé N. A. Fádípẹ̀, tí a tẹ iṣẹ́ ńlá rẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá jáde ní Ìbàdàn ní 1970 lẹ́yìn ikú rẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ṣeré nínú ìwé náà. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìṣe yìí ṣì ń tàn bí òṣùpá: ní ọjọ́ kẹta Iléyá, régbérégbé lọ́kùnrin àti lóbìnrin á wọ aṣọ kan náà, wọn á jó lọ sí Ojúde Ọba láti bọlá fún Awùjalẹ̀.

Bí ẹgbẹ́ bá ti rí báyìí, ọgbọ́n kan wà nídìí rẹ̀ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbọ́dọ̀ yá lò. Ẹ wo àárò tí àwọn àgbẹ̀ ń ṣe. Bí wọ́n bá jọ ro oko ẹni tí oko rẹ̀ gbòòrò lónìí, ọ̀la ni wọn yóò jọ ro oko ẹni tí tirẹ̀ kéré. Iṣẹ́ ni a fi ń san iṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó lè tìtorí pé oko rẹ̀ tóbi kí ó sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá lórí àwọn yòókù. Èésú náà rí bẹ́ẹ̀: iye tí gbogbo ọwọ́ lè ká ni wọ́n ń dá. Ẹgbẹ́ tí ó bá dá iye tí ẹni ìkẹyìn kò lè san ti lé ẹni náà jáde láì la ẹnu.

WÍWÁ ÀWỌN TÍ Ó SỌNÙ

Ọdún méjì ṣáájú ọjọ́ ayẹyẹ ni ó yẹ kí ìgbìmọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ àkọ́kọ́, ìwákiri, ni ó ń gba àkókò jù. Ẹgbẹ́ WhatsApp máa ń kó àwọn tí ó sún mọ́ tòsí jọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà á wá dúró. Àwọn tí ó kù ni wọ́n ṣòroó rí. Nínú ìwé orúkọ 1976, orúkọ baba ni àwọn ọmọbìnrin ń jẹ́; láti ìgbà náà, orúkọ ọkọ ti bo ti baba mọ́lẹ̀. Àwọn ọkùnrin náà ti pa orúkọ dà. Ẹni tí ó wọlé pẹ̀lú Ifá tàbí Ògún nínú orúkọ rẹ̀ lè ti fi Olú tàbí Jésù rọ́pò rẹ̀. Ẹlòmíràn sì wà tí gbogbo ènìyàn mọ ìnagijẹ rẹ̀, tí kò sí ẹni tí ó rántí orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Ọ̀nà tí ó dára jù ni kí wọ́n pín iṣẹ́ náà: kí ẹni kan mú họ́ọ̀lù kan, kí ẹlòmíràn mú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan, kí ẹnì kẹta mú ìlú tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti wá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni yóò mọ ilé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ Ọ̀nìtshà ni yóò mọ ibi tí ọmọ Ọ̀nìtshà wọlé sí. Ìgbà tí wọ́n bá sì rí ẹnì kan, kí wọ́n má ṣe fi ìkésíni ránṣẹ́ lórí fóònù kí wọ́n sì gbà pé ó parí. Ó yẹ kí ẹni méjì lára àwọn tí ó mọ̀ ọ́n jù dìde, kí wọ́n lọ bá a nílé, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n mu omi, kí wọ́n wo ojú ara wọn. Ẹni tí a pè lórí fóònù lè purọ́ ìrìn-àjò. Ẹni tí a lọ bá nílé kò ní lè purọ́. Àwọn tí ó sì lọ bá a náà yóò fi ojú ara wọn rí ohun tí ó yẹ kí wọ́n rí, wọn kò sì ní béèrè ìdí.

OWÓ TÍ ẸGBẸ́ LÈ DÁ

Orí owó ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń dàrú. Ìgbìmọ̀ á kọ́kọ́ kọ gbogbo ohun tí ó wù wọ́n sílẹ̀: họ́tẹ́ẹ̀lì, gbọ̀ngàn ńlá, olórin, ìwé ìrántí, aṣọ. Wọn á ro ó pọ̀, wọn á pín in dọ́gba, wọn á sì kéde iye tí ó bọ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́rùn. Ká ní ènìyàn ogójì ni yóò wá, tí ìnáwó sì jẹ́ ₦4,000,000. Bí wọ́n bá pín in dọ́gba, ₦100,000 ni ti ẹnì kan. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní 2024 sì jẹ́ ₦70,000. Èyí ni pé owó tí ẹni kan lè ná tán ní ilé oúnjẹ kan ní Bódìjà ní alẹ́ ọjọ́ kan ju owó oṣù òṣìṣẹ́ mìíràn lọ, ó sì ju ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì ń rí gbà lóṣù. Pípín dọ́gba yìí jọ òdodo lójú ìwé. Ní ti ìṣe ẹgbẹ́, àìṣòdodo ni.

Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn léèrè iye tí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kúrú jù lè san láì yá owó. Bí ó bá jẹ́ ₦30,000, kí ìyẹn jẹ́ owó ẹgbẹ́ fún gbogbo ènìyàn, olówó àti tálákà. Ogójì ènìyàn yóò san ₦1,200,000. Ohun tí ó kù, ₦2,800,000, ni kí àwọn tí Ọlọ́run fún ní jù fi sínú àpò kan tí akápò nìkan ń ṣí. Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ẹnì kan wà tí ₦30,000 náà nira fún, kí akápò àti àgbà kan nínú ẹgbẹ́ ti inú àpò náà san án, kí wọ́n sì já ìwé ẹ̀rí owó fún un bíi ti gbogbo ènìyàn. Àwọn méjèèjì ni kí ọ̀rọ̀ náà kú sí lọ́wọ́. Ọbẹ̀ kì í mì ní ikùn àgbà.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà ni àwọn ìgbìmọ̀ máa ń gbàgbé. Kì í ṣe orúkọ ẹni tí ó gbà nìkan ni ó yẹ kí wọ́n bò. Ó yẹ kí wọ́n bo iye tí olùfúnni fi sílẹ̀ náà. Bí olùdarí ètò bá gbé gbohùngbohùn, tí ó kéde pé lágbájá fi mílíọ̀nù kan sílẹ̀, ó ti kéde ẹni tí kò fi nǹkan kan sílẹ̀ pẹ̀lú. Bákan náà ni bí ẹnì kan bá ní òun nìkan yóò gbé gbogbo ìnáwó. Inú rere lè wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá nìkan gbé ìkòkò ọbẹ̀ wá ni yóò máa pín ẹran. Àwọn yòókù á di àlejò nínú ilé ara wọn. Fífọ́n náírà lójú agbo náà kò yọ sílẹ̀. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ti kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Yàtọ̀ sí òfin, ẹni tí kò ní owó tí yóò fọ́n kò ní mọ ibi tí yóò fi ojú sí.

AṢỌ TÍ ẸGBẸ́ JỌ DÁ

Orúkọ tí àwọn àgbà sọ aṣọ ẹgbẹ́ ti sọ gbogbo ìtumọ̀ rẹ̀: ẹgbẹ́jọdá. Aṣọ tí ẹgbẹ́ jọ dá ni. Kì í ṣe èyí tí ìyàwó alága rí ní ọjà, tí ó wù ú, tí a sì fi dandan lé àwọn yòókù lórí. Ní ayé òde-òní, tí a ń pè é ní ankóò, ó ti di ohun tí àwọn ènìyàn fi ń yá owó. Ẹni tí kò bá lè rà á kò ní wá rárá, nítorí pé kò sí ohun tí ó ń tọ́ka ìyà síni bí aṣọ ọ̀tọ̀ láàárín aṣọ kan náà.

Ọ̀nà àbáyọ kò ṣòro. Fìlà fún ọkùnrin àti gèlè fún obìnrin ti tó láti fi mọ ẹgbẹ́. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọ funfun tí ó ní nílé, kí fìlà àti gèlè jẹ́ àwọ̀ kan náà, kí owó wọn sì ti wà nínú owó ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ aṣọ tí yóò sọ ìtàn ìlú, Ìbàdàn kò tòṣì: àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìbàdàndùn, tí a ya àwọn òpó Gbọ̀ngàn Màpó sí ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ aṣọ inú ọjà ni wọ́n ń fẹ́, kí wọ́n lọ sí Gbági Tuntun ní ojú ọ̀nà Ifẹ̀, kí wọ́n rà á ní ìgbà kan ṣoṣo ní ìdì, kí ó lè rọjú. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.

ỌJỌ́ MẸ́TA TÍ ARÚGBÓ LÈ GBÀ

Ọmọ ọdún méjìdínlógún tí ó wọlé ní 1973 ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ìgbà náà ti kọjá ọgọ́rin. Ètò tí ó bá gbàgbé èyí yóò kó wàhálà bá ẹgbẹ́. Ọjọ́ tí wọn yóò dá kò gbọdọ̀ bọ́ sí Iléyá tàbí Kérésìmesì, nígbà tí àwọn ọmọ ń retí òbí nílé. Àwọn sẹ́ẹ̀tì yunifásítì kan fẹ́ràn oṣù kọkànlá, nítorí pé ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù náà ni ọjọ́ ìrántí ìdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, òjò sì ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà náà.

Àwọn tí ń bọ̀ láti Èkó kò ní láti fi ara jin ojú ọ̀nà mọ́. Ọkọ̀ ojú irin tuntun tí ìjọba ṣí ní oṣù kẹfà 2021 ń gbé èrò láti Èbúté Mẹ́ta wá sí ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí yunifásítì. Kí ìgbìmọ̀ fi bọ́ọ̀sì kan dúró dè wọ́n níbẹ̀. Ní ti ibùsùn, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni họ́tẹ́ẹ̀lì wà fún. Àwọn tí ó ní ilé ní Bódìjà àti ní Ring Road lè gba ẹlẹgbẹ́ wọn sílé, bí ìṣe àtijọ́. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, tí arúgbó méjì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí di òru, ni àpéjọ gan-an ti ń ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni kí àwọn Mùsùlùmí kí ìrun ní mọ́ṣáláṣí yunifásítì, kí gbogbo ẹgbẹ́ sì pàdé ní ìrọ̀lẹ́, láì sí olórin, kí wọ́n lè gbọ́ ohùn ara wọn. Ọjọ́ Sátidé ni kí wọ́n rìn yí ọgbà ká ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, láti ibi ìkówèésí Kenneth Dike títí dé àwọn họ́ọ̀lù, pẹ̀lú mọ́tò kékeré fún àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn. Oúnjẹ ọ̀sán kò ní láti jẹ́ ti àwọn ará òkè òkun: èlùbọ́ àti ẹ̀wà wà ní ọjà Bódìjà, àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú ni yóò sì mú kí ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn dé mọ̀ pé Ìbàdàn ni òun wà. Kí wọ́n rántí àwọn tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá jà. Kí àga tí ó ní ìtìlẹ̀yìn wà, kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì sún mọ́ tòsí. Kí ayẹyẹ parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọjọ́ Àìkú ni ìdúpẹ́ fún àwọn Kìrìsìtẹ́nì, ní Ṣọ́ọ̀ṣì Àjíǹde tàbí ti àwọn Kátólíìkì nínú ọgbà. Ẹ̀sìn kò pín wọn ní 1976; kò yẹ kí ó pín wọn báyìí.

ORÚKỌ ÀTI Ọ̀WỌ̀

Ìṣòro kan tún wà tí ó jẹ́ ti Yorùbá pátápátá. Ẹgbẹ́ ẹni ni ó lè pe ni ní "ìwọ". Bàbá tí gbogbo àdúgbò ń dọ̀bálẹ̀ fún, inú ẹgbẹ́ nìkan ni ó ti lè gbọ́ ìnagijẹ rẹ̀, ó sì wà lára ohun tí ó ń wá lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ àti ìyàwó rẹ̀ bá wà níjòókòó, ọ̀rọ̀ á yí padà. Kí ètò ya wákàtí kan sọ́tọ̀ tí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́ nìkan, níbi tí kò ti sí ọ̀jọ̀gbọ́n, tí kò sí olóyè. Kí wọ́n wá fi oyè àti ọ̀wọ̀ fún ìgbà tí àwọn ẹbí bá dé. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti di ọba, kò sí eré nínú ìyẹn. Ọba kì í jẹun ní gbangba, a kì í sì í pe orúkọ rẹ̀. Kí wọ́n lọ kí i ní yàrá ọ̀tọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ àtijọ́ ni yóò mọ bí wọn yóò ṣe mú Kábíyèsí rẹ́rìn-ín bí ilẹ̀kùn bá ti tì.

ÀWỌN TÍ WỌ́N TI LỌ

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì 1971, ìbọn ọlọ́pàá pa akẹ́kọ̀ọ́ kan, Adékúnlé Adépéjù, nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ̀hónú hàn. Orúkọ rẹ̀ ni a fi sọ ilé Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tí wọ́n wọlé lẹ́yìn rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, nítorí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó parẹ́. Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe fún òkú nìyẹn.

Nínú sẹ́ẹ̀tì tí ó pé àádọ́ta ọdún, òkú kò kéré. Àwọn ìgbìmọ̀ kan máa ń kó orúkọ wọn sí ojú ìwé ìkẹyìn nínú ìwé ìrántí, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé. Ìgbìmọ̀ tí ó bá gbọ́n yóò mú ìwé orúkọ àtijọ́, yóò sì pè é láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí olùkọ́ ṣe ń pè é. Alààyè yóò dáhùn fún ara rẹ̀. Bí ó bá kan òkú, kí ẹni tí ó bá a sun yàrá kan dìde, kí ó sọ gbólóhùn kan nípa rẹ̀. Bí ó bá kan aláìsàn tí kò lè wá, kí ẹni tí ó lọ bẹ̀ ẹ́ wò dáhùn fún un.

Àwọn kan yóò ṣẹ́ kù tí kì í ṣe òkú, tí kì í ṣe aláìsàn, tí wọ́n ní àwọn ń rìnrìn-àjò. Bí wọ́n bá pe irú orúkọ bẹ́ẹ̀, tí gbogbo ilé sì dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni yóò sọ bí ètò náà ṣe rí. Kò ní sí aṣọ tàbí ìlù tí yóò lè bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹni náà gan-an ni ó dìde ní ìkángun gbọ̀ngàn, nínú funfun tí ó ti gbó díẹ̀, pẹ̀lú fìlà ẹgbẹ́ ní orí rẹ̀, tí ó ní, "Èmi nìyí," a jẹ́ pé owó tí àwọn ènìyàn fi sínú àpò kò ṣòfò.

Òwe àwọn àgbà kò ní ṣàì máa jẹ́ òtítọ́. Ogún ọmọdé kò ní ṣeré fún ogún ọdún bí wọ́n bá fi eré náà lé ọwọ́ ayé. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ borí òwe náà ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ẹni ìkẹyìn lọ, kí ó sì mú un jókòó sí orí tábìlì. Kí Elédùmarè jẹ́ kí a máa pé, kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí àìní jókòó sílé ní ọjọ́ ayọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀.